Ẹran Tó Ń Sọ̀rọ̀

Imú mi kì í gbọ́ òórùn. Wọn kò bí mi bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mọ́tò kíkùn ni mo ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde ní ilé ìwé girama títí tí orúnkún mi fi kọ̀ láti máa lóṣòó ti ilẹ̀kùn mọ́tò. Nígbà tí àwa bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó ń fi ohun gidi kan bo imú. Àkísà ni a ń so mọ́ ẹnu. Bí ọ̀dà bá ti wọ̀ wá lórí jù, a ó jáde síta lọ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀, a ó sì tún wọlé padà. Òórùn kò kí mi pé ó dìgbóṣe. Lọ́jọ́ kan ṣáá, mo ṣí agolo tínà tí a fi ń po ọ̀dà, mo gbé e sún mọ́ imú, àfi bí ẹni pé omi ni wọ́n rọ sínú rẹ̀.

Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń ro ara rẹ̀ fún ènìyàn kiri, ọ̀gá mi nígbà náà kì bá sì fi ọkọ̀ oníbàárà lé pẹ́ńtà tí kò gbọ́ òórùn ọ̀dà lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi ló ń fi imú tirẹ̀ ṣe iṣẹ́ ènìyàn méjì. Òun ló ń mọ̀ bí gáàsì bá ń jò. Òun ló ń mọ̀ bí wàrà bá ti kan. Ẹran ló gba ìṣọ́ra jù lọ, nítorí pé mo fẹ́ràn ẹran, mo sì lè jẹ èyí tó ti bàjẹ́ láìmọ̀, kí n tún béèrè òmíràn.

Bí àlejò bá wà ní pálọ̀, n kò lè dìde kí n ní kí ó wá gbọ́ òórùn ìkòkò fún mi. Nítorí náà, a dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ẹran tó bá ti ń rùn, a ní ó ń sọ̀rọ̀. Èyí tó bá dára, a ní ó dákẹ́. Mo lè jókòó sí àárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí n sì na ọrùn sí ọ̀nà ilé ìdáná pé, "Ṣé ó dákẹ́?" Òun náà á dáhùn pé, "Ó dákẹ́," ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ohun tí à ń wí. Nígbà mìíràn tí ara rẹ̀ bá yá gágá, á ní, "Ọ̀gá Pẹ́ńtà, ẹran yìí ò kàn ń sọ̀rọ̀ o, ó ń bú yín. Ó ti bú ìyá yín tán." Èmi á ní kí ó tètè gbé e dànù kí ó tó kan bàbá mi.

Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, obìnrin. Inú ọ̀rọ̀ yìí ló dàgbà sí, a kò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un rí. A kò rí ìdí kankan tí a fi máa ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni.

Ìyàwó mi kú ní ìparí ọdún tó kọjá. Àìsàn náà kò pẹ́. Ó lọ sọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ra ẹran màlúù, ó gé e, ó pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, ó so ẹnu wọn, ó sì kó wọn sínú firísà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì padà wálé. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ó ní bó ṣe máa ń so ọ̀rá. Á lọ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa, á tẹ̀ ẹ́ lórí, á wá fà á gba inú kókó kọjá tí yóò fi ku etí kan sílẹ̀ lókè bí etí ehoro. Bí o bá fa etí yẹn, ó tú nìyẹn. Ó ní nítorí tèmi ni, kí n yé fi eyín já ọ̀rá bí ajá.

Nígbà ìsìnkú, ilé kún. Ẹnì kan nínú àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn yọ wáyà firísà lára ògiri láti fi wáyà fáànù bọ ibẹ̀. N kò mọ ẹni náà, n kò sì wádìí rẹ̀. Ooru mú, àwọn ènìyàn sì pọ̀. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán ni mo rí wáyà náà nílẹ̀, mo sì dá a padà sí ààyè rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo ṣí firísà. Àwọn ọ̀rá ẹran náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n sì rì sínú yìnyín pupa pẹrẹsẹ kan tó tẹ́ sí ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ mi ti kọ́ mi pé ohun tó bá dì tó sì tẹ́jú, ó ti kọ́kọ́ ṣàn. Ọ̀dà tó bá ti wálẹ̀ lára mọ́tò, bó ti wù kó gbẹ tó, ojú tó mọ̀ ọ́n á rí ibi tó gbà. Mo rí yìnyín pupa yẹn, mo sì mọ ohun tí mo rí. Mo pa firísà dé.

Ó yẹ kí n kó wọn dànù lọ́jọ́ náà. Kókó ẹnu ọ̀rá wọ̀nyẹn ni kò jẹ́. Gbogbo ohun tí ọwọ́ ìyàwó mi ṣe kẹ́yìn nínú ilé ti ń tán lọ. Omi tó pọn sílẹ̀ ti tán. Aṣọ tó fọ̀ fún mi, mo ti wọ̀ ọ́ dọ̀tí. Ibùsùn tó tẹ́, àwọn obìnrin ẹbí ti tú u, wọ́n sì ti tún un tẹ́ bí ó ṣe wù wọ́n. Àwọn kókó yẹn nìkan ló kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú.

Búrẹ́dì ni mo ń jẹ, àti ẹ̀wà, àti ẹyin. Ẹyin kò da imú láàmú. Èyí tó bá léfòó nínú omi, mo mọ̀ pé kò dára. Mo ń jókòó sórí àga mi, mo sì ń tan rédíò sílẹ̀ kí ohùn ènìyàn lè wà nínú ilé. Bí wọ́n bá sọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, màá yí ojú sí àga kejì, màá sì tún yí ojú padà.

Ọmọ mi, tíṣà ni, ìlú mìíràn ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ojoojúmọ́ ló ń pè mí.

"Bàbá, kí lẹ jẹ?"

"Mo ti jẹun."

"Mi ò béèrè ṣé ẹ ti jẹun. Mo ní kí lẹ jẹ."

"Oúnjẹ ni mo jẹ."

"Búrẹ́dì náà ni."

Mo yí rédíò sílẹ̀.

"Mò ń bọ̀ ní Sátidé," ó ní. "Màá bá yín ká aṣọ Màmá. Tí mo bá sì dé tí mo rí i pé ẹ ò lè dá ṣe é, ẹ máa kó ẹrù yín ká jọ máa lọ. Yàrá ti wà nílẹ̀, ọkọ mi náà ti fọwọ́ sí i. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kan pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan kó ní òun bá bàbá mi nílẹ̀."

"Inú ilé yìí ni mo máa wà."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ná."

N kò fẹ́ kúrò. Ilé náà kò tóbi, yàrá méjì àti pálọ̀ ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Ibi tí ìyàwó mi máa ń fi ọwọ́ tì lára ògiri nígbà tó bá ń wọ bàtà ti dúdú ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, èmi tí mo jẹ́ pẹ́ńtà kò sì kun ún. Bí mo bá lọ gbé ní yàrá ẹlẹ́yàrá, ògiri wo ni màá máa wò?

Mo rò ó pé ọmọ tó bá bá ọbẹ̀ ẹran lórí iná kò ní lẹ́nu láti sọ pé n kò lè dá gbé. Mo sì tún ro nǹkan mìíràn. Mo rò ó pé yóò jẹ nínú ohun tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ọ̀rá méjì jáde láti inú yìnyín, mo gbé wọn sínú abọ́ lórí tábìlì kí wọ́n lè yọ́ mọ́jú. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀. N kò lè kó gbogbo rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo fa etí kókó àkọ́kọ́. Ó tú. Mo dúró díẹ̀ kí n tó fa ìkejì.

Nígbà tí mo ń fọ ẹran náà, ó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mọ irú yíyọ̀ yẹn lára irin. Irin tó bá ń yọ̀ báyìí, gírísì wà lára rẹ̀, ọ̀dà kò sì ní mú un. A máa ń fọ̀ ọ́ títí ìka á fi máa han lára rẹ̀. Mo da iyọ̀ sí ẹran náà, mo fọ̀ ọ́, mo ṣàn án, mo tún un fọ̀. Ó ṣì ń yọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹran tó sanra ni. Mo gbé e ka iná. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé iná ló ń parí ọ̀rọ̀ ẹran, pé ohun tó bá hó títí tó fi rọ̀, ohun búburú kan kò lè kù nínú rẹ̀. Mo gún ata sí i, mo rẹ́ àlùbọ́sà lé e, mo sì jẹ́ kí ó máa hó.

Aránṣọ kan ni èmi àti òun jọ pín ọgbà. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Fèrèsé ibi tó ti ń ránṣọ kọjú sí fèrèsé ilé ìdáná wa. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń dún láti àárọ̀. Lójijì ó dúró.

"Bàbá."

"Kí ló dé?"

"Ṣé ẹ ò gbọ́ nǹkan?"

Mo mọ ohun tó ń béèrè. Mo ní, "Mo gbọ́. Gọ́tà ni."

"Gọ́tà."

"Gọ́tà ẹ̀yìnkùlé. Ooru yìí ló fà á."

Ó fa imú lẹ́ẹ̀kan sí i. "Gọ́tà yìí mà ti fi ata sí i o, Bàbá. Àlùbọ́sà náà ò gbẹ́yìn."

"Máa rán aṣọ rẹ."

"Mò ń rán an. Ẹ má bínú. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni, torí tó bá jẹ́ pé Ìyá ṣì..." Kò parí rẹ̀. Láti ìgbà ìsìnkú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í parí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ mi mọ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣí ìdérí ìkòkò, mo tẹ orí ba lórí rẹ̀. Ooru nìkan ló wọ imú mi. Mo gbé ojú sókè, ẹnu mi sì ti là láti pe ìyàwó mi kí n tó rántí. Mo pa ẹnu mi dé. Mo ronú pé ó yẹ kí n da ìkòkò náà nù. Mo sì ronú pé ọmọ mi ti wà lójú ọ̀nà, pé tó bá dé tó bá búrẹ́dì lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ní yóò wá, yóò wọ ilé ìdáná, èmi yóò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, yóò sọ fún mi. N kò rántí pé a kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà.

Ó dé lọ́sàn-án. Ó ti kọ́kọ́ yà sí ibojì ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ohùn rẹ̀ sì ti dí bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó wo pálọ̀ yíká, ó fi ìka kan ra ojú tábìlì, ó wo ìka náà.

"Ẹ gbálẹ̀."

"Mo gbálẹ̀."

"Ẹ tún ń se nǹkan."

"Ọbẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Ta ló tún wà ńbí?"

Ọ̀rọ̀ náà le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ó wọ yàrá lọ, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí àpótí aṣọ, tó ń fọn imú, tó sì tún ń ṣí òmíràn. Mo pa iná lábẹ́ ọbẹ̀, mo padà sí àga mi. Nígbà tó ṣe, ó jáde, ó lọ bu omi mu ní ilé ìdáná. Mo tún ohùn mi ṣe kí ó lè dà bí ọ̀rọ̀ lásán.

"Ọbẹ̀ yẹn, ṣé ó dákẹ́?"

"Ẹ ní?"

"Mo ní ṣé ó dákẹ́?"

Mo gbọ́ tó gbé ìdérí, mo gbọ́ tó dá a padà. "Ó ti dákẹ́, Bàbá."

Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń wí i gan-an ló wí i. Ọkàn mi balẹ̀ bí kò ti balẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. N kò bi ara mi léèrè bí imú tó dí bẹ́ẹ̀ ṣe lè gbọ́ ohunkóhun. Òun ló bu oúnjẹ. Ìrẹsì ni a fi ọbẹ̀ náà jẹ. Ó jókòó sí àga ìyá rẹ̀ láìmọ̀, tàbí kí ó mọ̀.

Lẹ́nu tèmi, oúnjẹ kò ju iyọ̀ àti ata lọ. Ohun tó kù, imú ló ń mú un wá. Mo jẹ ẹran tèmi tán, mo sì bu òmíràn.

"Ọbẹ̀ yín dùn," ọmọ mi ní.

"Irọ́ lò ń pa."

"Ó dùn díẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo rí kẹ́yìn lójú rẹ̀ ṣáájú ikú ìyá rẹ̀. "Bí ẹ bá lè máa ṣe báyìí, mi ò ní lọ́rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ọkọ mi tiẹ̀ ní ẹ ò ní gbà. Ó ní bí mo bá fẹ́ gbé yín, àfi kí n gbé ilé náà mọ́ yín."

"Ọlọ́gbọ́n ni ọkọ rẹ."

Ó fi eyín gé ẹran. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ó gé òmíràn, ó sì dúró. Ó yí i lẹ́nu.

"Bàbá, ẹran yìí kan díẹ̀ o."

Mo gbé ojú sókè. "O ní ó dákẹ́."

"Ó dákẹ́ náà. Kò hó mọ́. Ẹ ti pa iná lábẹ́ rẹ̀."

Mo wò ó. Ó wò mí. Mo na ọwọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe fún ọmọ ọwọ́, mo ní, "Tu ú."

"Kí ló dé?"

"Mo ní kí o tu ú."

Ó tu ú sí mi lọ́wọ́. Mo gbé àwo rẹ̀, mo gbé tèmi lé e lórí, mo kó wọn kúrò níwájú rẹ̀. Mo lè pa irọ́ kan sí i. Mo lè ní ata ló kan. Ọmọ náà ti gbé ẹran mì, ó sì yẹ kí ó mọ ohun tó gbé mì. Mo ní, "Imú mi kì í gbọ́ òórùn."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí a tó bí ọ."

"Màmá mọ̀?"

"Òun ló ń gbọ́ ọ fún mi. Bí mo bá ti béèrè bóyá ó dákẹ́, ohun tí mò ń béèrè nìyẹn."

Ó jókòó, ó di ọwọ́ méjèèjì mú lórí tábìlì. "Láti kékeré," ó ní, "mo rò pé ẹ̀ ń béèrè bóyá ìkòkò ti hó tán ni. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé bàbá mi ò fẹ́ràn ariwo ìkòkò."

Kí oòrùn tó wọ̀, inú ti ń lọ́ mi. Mo bì títí tí kò sí ohun tí mo tún lè bì mọ́, ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀ lé e. Ó mú òun náà, ṣùgbọ́n kò mú un tó tèmi. Òun àti Abẹ́rẹ́ ló wá ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ibùsùn méjì tó kángun síra ni wọ́n tẹ́ wa sí, wọ́n sì fa omi sí mi lápá. Nọ́ọ̀sì tó wá wò wá ní ọjọ́ kejì kò ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni.

"Ta ló se ẹran náà?"

"Èmi ni."

"Ẹ sè é jinná?"

"Ó rọ̀." Mo ro ọ̀rọ̀ wáyà firísà àti ti tábìlì fún un.

"Bàbá, iná lè pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n májèlé tí kòkòrò ti tu sínú ẹran kí iná tó dé ibẹ̀, iná kì í kó o. Ẹran tó yọ́, tó tún dì, tí ẹ tún gbé sórí tábìlì di ọjọ́ kejì. Kí lẹ̀ ń wá nínú rẹ̀?"

Ó tún abẹ́rẹ́ apá mi ṣe, ó sì lọ.

Láti orí ibùsùn kejì, ọmọ mi ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lédè tí èmi ò gbọ́." Kò bínú. Ó kàn ń wo òkè àjà.

Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀ tí a sì padà délé, mo ti pinnu pé n kò ní bá a jiyàn. Bó bá ní kí n kó ẹrù, màá kó o. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu májèlé fún ọmọ rẹ̀ kò ní ẹnu tó lè fi ní òun fẹ́ dá gbé. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà, mò ń bọ́ bàtà, mo sì fi ọwọ́ ti ògiri níbi tí ìyàwó mi máa ń fi ọwọ́ tì. Ọmọ mi ṣíwájú mi wọlé. Ìkòkò ọbẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ gáàsì láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Imú ọmọ mi ti là. Ó dé ojú ilé ìdáná, ó sì fi apá bo imú.

"Bàbá," ó ní. "Ó ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló ń wí?"

"Ó ń bú yín ni."

N kò sọ ìyẹn fún un rí; ó ní láti jẹ́ pé láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń wí i, èmi nìkan ló sì máa ń wí i fún, ní ohùn jẹ́jẹ́, nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Mo jókòó sórí àpótí bàtà pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ó jẹ́ kí n jókòó.

Ó fẹ́ bá mi gbé ìkòkò náà, mo ní rárá. Mo gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, mo gbẹ́ ẹ jìn kí ajá má baà hú u, mo sì da ọbẹ̀ náà sí i. Mo wá lọ ṣí firísà. Ọ̀rá kan tó kù wà nínú yìnyín pupa pẹ̀lú etí rẹ̀ lókè. N kò tú u. Mo gbé e sínú ilẹ̀ bó ṣe wà, mo wa eérú lé e, mo sì wa iyẹ̀pẹ̀ lé eérú. Ọmọ mi dúró tì mí títí mo fi tẹ ibẹ̀ le.

Nígbà náà ló kọjá lọ sí ojú fèrèsé Abẹ́rẹ́, kò gba àṣẹ lọ́wọ́ mi, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mò ń gbọ́ wọn.

"Mo sọ àbí mi ò sọ?" Abẹ́rẹ́ ń wí. "Wọ́n ní gọ́tà ni. Mo ní gọ́tà wo ló ń jẹ àlùbọ́sà?"

Àdéhùn tí wọ́n ṣe lórí mi nìyí. Mo lè dúró sínú ilé mi. Ẹran tí màá jẹ tán lọ́jọ́ kan ni kí n máa rà, n kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan pamọ́. Ohunkóhun tí mo bá sè, kí n gbé e sójú fèrèsé kí Abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ kí n tó fi kan ẹnu. Ọjọ́ tí mo bá kọ̀, ọmọ mi á gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá. Mo gbà. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo fi lè dúró.

Báyìí, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ alápatà, á ní, "Ti èèyàn mélòó?" Èmi á ní, "Ẹnì kan." Á wo ẹran, á wò mí, á ní ọ̀bẹ òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé èyí tó kéré tó báyẹn, á sì gé e. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbé ìkòkò sójú fèrèsé, màá ṣí i. Ẹ̀rọ ìránṣọ á dúró. Abẹ́rẹ́ á na orí jáde, á fa imú, á ní, "Gọ́tà yín dákẹ́ lónìí, Bàbá." Àwọn oníbàárà rẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí èmi àti ìyàwó mi fi pamọ́ láti ìgbà èwe wa ti di ohun tí wọ́n ń ké láti ojú fèrèsé. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Mo máa ń dúpẹ́, màá gbé ìkòkò wọlé, màá jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ìkòkò síbẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe. Ẹ̀rọ kò dún láti ọ̀sán, n kò sì fi ọkàn sí i. Mo ṣí ìdérí. Mo dúró. Ọbẹ̀ náà kò hó mọ́, ooru rẹ̀ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó sọ fún mi pé Abẹ́rẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo na ọrùn, mo sì béèrè, ohùn mi jáde ju bí mo ṣe rò lọ.

"Ṣé ó dákẹ́?"

Fèrèsé kejì wà ní títì. Mo dúró títí ọbẹ̀ náà fi tutù. Mo wá gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo dà á nù. Mo fọ ìkòkò, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo bu búrẹ́dì, mo sì yí rédíò sókè.